Zélie àbí Sunny: èwo ni ká rà fún ọmọ?

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni Ọya? Ṣé òun ló ni ikú ni?" Ìwé kan ló ń kà lọ́wọ́. Nínú ohùn kan náà ni mo ti gbọ́ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn tó ń sọ pé òun ò fẹ́ ìwé òrìṣà nínú ilé òun. Bàbá rẹ̀ náà dá sí i, ó ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ kó kà á, ṣebí àṣà wa ló wà níbẹ̀. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tó tíì ka ojú ewé kan.

Ìwé tó dá ìjà sílẹ̀ náà ni Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi kọ, tó jáde ní oṣù kẹta ọdún 2018. Òun ni àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta. Níbi tí àwa tí a máa ń ka ìtàn abàmì bá ti dárúkọ rẹ̀, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi ní kí á sọ òótọ́, pé Akata Witch ti Nnedi Okorafor dára jù ú lọ. Ìyẹn ti wà níta láti ọdún 2011, àkọ́kọ́ nínú mẹ́ta ni òun náà. Àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn kan á ní Adeyemi kàn da òrìṣà sínú ìtàn ìfẹ́ ni. Àwọn kan á ní Okorafor kàn gbé ilé ẹ̀kọ́ oṣó àwọn òyìnbó wá sí Abá ni.

Mo ti ka mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo sì ka méjì nínú wọn lẹ́ẹ̀mejì. Mo fẹ́ tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn fún ẹni tí owó rẹ̀ tó ẹyọ kan, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìwé náà dára gẹ́gẹ́ bí ìwé. Pé òrìṣà wà nínú ìwé kò sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀, kò sì sọ ọ́ di lítíréṣọ̀ gidi. Ohun tí òǹkọ̀wé fi ọ̀rọ̀ ṣe ló yẹ ká wò. Ẹ̀bùn pàápàá ò lè bá wa dá ẹjọ́ yìí, torí ẹ̀bùn kan náà tí wọ́n máa ń fún ìwé àwọn ọ̀dọ́langba níbi ayẹyẹ Hugo, ti àwọn òǹkọ̀wé ìtàn abàmì, ni Okorafor gbà ní 2018 fún Akata Warrior, òun náà ni Adeyemi gbà ní 2019 fún Children of Blood and Bone.

Ohun tó wà nínú wọn

Ní ilẹ̀ Orïsha (bí Adeyemi ṣe kọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú ẹ̀kán méjì lórí "i", a ó padà sórí ẹ̀), agbára àwọn òrìṣà ti pòórá lára èèyàn. Ọdún mọ́kànlá kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, ọba Saran rí i pé àwọn alágbára ò lágbára mọ́, ló bá pa wọ́n. Ìyá Zélie, ọmọbìnrin tí ìtàn náà dá lé, wà lára wọn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi so ó rọ̀ sórí igi. Àwọn ọmọ tó ṣẹ́ kù, irun funfun orí wọn ni wọ́n fi ń dá wọn mọ̀. Wọ́n ń bu owó orí lé ilé wọn, àwọn ọmọ ogun sì ń pè wọ́n ní ìdin. Nígbà tí ọba tún pa ìránṣẹ́bìnrin tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Amari ọmọ rẹ̀, Amari jí ìwé awọ kan, ó sá kúrò láàfin, ó sì ṣe kòńgẹ́ Zélie lọ́jà Èkó. Àwọn méjèèjì pẹ̀lú Tzain, ẹ̀gbọ́n Zélie ọkùnrin, ní láti dá agbára náà padà kí ọjọ́ kan tó pé. Inan, àrẹ̀mọ ọba, ń lé wọn bọ̀. Ojú ọ̀nà ló ti rí i pé ohun tí òun ń lé láti pa ti wà lára òun fúnra òun.

Sunny Nwazue, ọmọ inú Akata Witch, kò ní ọba kankan tó ń lé e. Ọmọ ọdún méjìlá ni, àfín ni. New York ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ tó jẹ́ Ìgbò sì kó o padà sí Nàìjíríà nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Abá ni wọ́n ń gbé. Ó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, oòrùn ni kì í jẹ́ kó gbá a. Ó wá bá àwọn ọmọ mẹ́ta kan rìn, Orlu, Chichi àti Sasha, ó sì rí i pé òun jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ní agbára idán, tí ìwé náà ń pè ní ẹ̀yà àmọ̀tẹ́kùn (kì í ṣe àwọn ẹ̀ṣọ́ tí àwọn gómìnà wa dá sílẹ̀ o, ìwé yìí ti wà ṣáájú wọn). Nígbà yẹn náà, ọkùnrin kan ń jí ọmọdé gbé. Black Hat Otokoto lorúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá rántí ọmọ tí wọ́n pa ní òtẹ́ẹ̀lì Otokoto ní Òwèrrì lọ́dún 1996 mọ̀ pé orúkọ yẹn nìkan tó láti gbé èèyàn lọ́kàn sókè. Ọmọ Nàìjíríà á gbọ́ ọ kíá, ọmọ ilẹ̀ òkèèrè á kàn kà á kọjá.

Èyí tó ń sáré, èyí tó ń rìn

Ohun tí Adeyemi mọ̀ ọ́n ṣe jù ni kó má jẹ́ kí ẹ gbé ìwé sílẹ̀. Ìwé àkọ́kọ́ yẹn lé ní 500 ojú ewé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi sì kà á tán ní ọjọ́ mẹ́rin, ọmọ tí ìyá rẹ̀ ní kì í kàwé. Orí kọ̀ọ̀kan kúrú, ó sì máa ń parí síbi tí ọ̀bẹ ti wà lọ́rùn ẹnì kan. Wọ́n sá lọ́jà, wọ́n sá lábúlé, wọ́n gun òkè, wọ́n la aṣálẹ̀ kọjá dé ìlú Ibeji, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú sínú ọkọ̀ ojú omi kí wọ́n máa pa ara wọn fún ìran wíwò. Ẹni tó bá lè ka ìran Ibeji yẹn kó má dìde jókòó, ó le.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kì í simi. Abúlé á jóná, àwọn tí a mọ̀ á kú, nígbà tí a ó bá fi ṣí ojú ewé díẹ̀ síwájú, a ti wà lẹ́yìn ẹranko tó ń sáré. Kò sẹ́ni tó jókòó ṣọ̀fọ̀. Ní ilẹ̀ wa, bí èèyàn bá kú, a máa ń jókòó, a máa ń sọ ìtàn òkú, a máa ń jẹun, ẹnì kan á tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àwọn èèyàn Orïsha kì í ráyè ìyẹn, ìdí nìyẹn tí ikú inú ìwé náà fi ń pọ̀ láìwúwo. Nígbà kejì tí mo kà á, tí mo ti mọ ẹni tí yóò kú, ohun tó kù fún mi lọ́wọ́ kò tó ti àkọ́kọ́. Ìyẹn sì ni àyẹ̀wò tí mo gbẹ́kẹ̀ lé jù nínú ọ̀rọ̀ ìwé: kí ló kù níbẹ̀ nígbà tí a bá ti mọ ìparí?

Ti Okorafor, ìrìn ló ń rìn. Ẹ̀kọ́ ni Sunny ń kọ́ jálẹ̀ ìwé náà: ó ń lọ sọ́jà Leopard Knocks, ó ń jókòó níwájú olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Anatov, ó ń ra ìwé tí kò yé e. Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí irú rẹ̀ nínú ìwé ọmọdé mìíràn. Nígbàkigbà tí ẹnì kan láàrin wọn bá mọ ohun kan ní tòótọ́, owó á já bọ́ láti òfuurufú sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Chittim ni wọ́n ń pe owó náà. Ìmọ̀ ló ń mú un wá. Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń bá Nàìjíríà sọ, láìsí pé ẹnikẹ́ni dúró wàásù! Agbọ́n kan tún wà tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà. Á kó àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú yàrá jọ, á fi wọ́n mọ ère, ó sì fẹ́ kí ẹ yìn ín. Bí ẹ ò bá yìn ín, ọ̀ràn dé. Àwọn nǹkan kéékèèké báyìí ni mo ń rántí ní ọdún púpọ̀ lẹ́yìn tí mo ka ìwé náà, kì í ṣe ìjà ìkẹyìn.

Ìjà ìkẹyìn gan-an ni àléébù rẹ̀. Gbogbo ìwé ń tẹ̀ síwájú lọ bá Black Hat, nígbà tí wọ́n sì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti tán kí á tó mí. Bí ẹni tó se ọbẹ̀ láti àárọ̀, tó wá fi iná ńlá jó o ní ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn.

Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ

Ẹni mẹ́ta ló ń sọ ìtàn Adeyemi: Zélie, Amari, Inan. Kálukú ń sọ "èmi", orúkọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sì wà lókè orí kọ̀ọ̀kan. Ó jẹ́ ọgbọ́n ìsọ̀tàn tó dára, torí ó jẹ́ ká gbọ́ ẹni tó ń lépa àti ẹni tí wọ́n ń lépa lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú èyí wò. Ẹ fi ọwọ́ bo orúkọ, ẹ ka ìpínrọ̀ kan sókè, kí ẹ béèrè pé ta ló ń sọ̀rọ̀. Mo ṣe é fún àwọn ọmọ tí mo ń bá kàwé lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n mọ Inan, torí pé ó máa ń ka ẹ̀kọ́ tí bàbá rẹ̀ kọ́ ọ bí ẹni ń ka kátíkísìmù, pé iṣẹ́ ṣáájú ara ẹni. Zélie àti Amari dàrú mọ́ wọn lójú. Bẹ́ẹ̀ ọ̀kan dàgbà láàfin, èkejì dàgbà nídìí ẹja. Báwo ni ohùn wọn ṣe wá jọra? Ara ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ jù: àyà ń já, èémí ń há, omijé ń lé ròrò. Nígbà tí àyà bá já lójú ewé ogún, ẹ̀rù á ba òǹkàwé. Nígbà tó bá fi já nígbà ogójì, àyà òǹkàwé ti balẹ̀ ní tirẹ̀.

Kì í ṣe pé ìfìwàwẹ̀dá rẹ̀ kò dára o. Amari tó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojo tó sì parí pẹ̀lú idà lọ́wọ́, mo gbà á gbọ́ ní gbogbo ìgbésẹ̀. Òun ló dára jù nínú ìwé náà lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwòrán Zélie ni gbogbo ayé ń wò.

Okorafor dúró sí èjìká Sunny, ó ń sọ ohun tó rí. Gbólóhùn rẹ̀ kúrú, kò ṣe ọ̀ṣọ́ púpọ̀, àwọn kan sì máa ń fi èyí bú u pé kò lẹ́wà. Mi ò gbà. Ẹ wo ọgbọ́n kan tó dá: láàrin àwọn orí ìwé, ó ń fi àyọkà sí i láti inú ìwé ìtọ́nisọ́nà kan tí wọ́n fún Sunny, ìwé tó yẹ kó kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé. Agbéraga sì ni obìnrin tó kọ ìwé ìtọ́nisọ́nà náà. Ó ń kọ́ ọmọ, ó ń bú ọmọ, nínú gbólóhùn kan náà. Ẹni tó bá ti jókòó nínú kíláàsì wa rí mọ ohùn yẹn. Níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an, olùkọ́ kan gbé pàṣán lé Sunny lọ́wọ́ pé kó na àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ torí pé òun ló ṣe dáadáa jù nínú àròkọ. Ó kọ̀. Wọ́n sì lù ú lẹ́yìn ilé-ìwé, àwọn tí kò nà gan-an. Mi ò nílò òrìṣà kankan láti mọ̀ pé Nàìjíríà ni mo wà.

Ọya, Bahia, àti Ilorin tó wà lórí òkun

Ibí ni àwa Yorùbá ti máa ń bínú sí Adeyemi jù, ó sì yẹ ká ṣe sùúrù díẹ̀.

Nínú ìwé rẹ̀, Ilorin jẹ́ abúlé apẹja tó léfòó lórí òkun. Ará Ilorin kan ka ibẹ̀ lójú mi, ó sì bi mí pé ìgbà wo ni òkun dé Kwara. Òrìṣà mẹ́wàá ló pín agbára láàrin ẹ̀yà mẹ́wàá: Ògún ló ni ilẹ̀ àti irin, Yemọja ló ni omi, Ọ̀rúnmìlà ló ni ìríran, Ọya ló ni ikú. Bẹ́ẹ̀ àwa mọ Ọya sí ẹ̀fúùfù, sí ìjì, sí odò ńlá tí a fi orúkọ rẹ̀ pè. Nínú ìwé náà, ẹlòmíràn ló ni afẹ́fẹ́, wọ́n ń pè é ní Ayao. Ta ni Ayao? Mi ò bá a pàdé rí ní ilẹ̀ wa. Ní Kúbà ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n, àbúrò Ọya ni wọ́n kà á sí níbẹ̀.

Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ tún wo bó ṣe kọ àwọn orúkọ náà: Oxosi pẹ̀lú "x", bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ ní Bràsíìlì, Ochumare fún Òṣùmàrè, Babalúayé tí wọ́n so pọ̀ bíi ti Kúbà. Tẹ́ḿpìlì orí òkè inú ìwé náà ń jẹ́ Chândomblé, ẹni tó bá sì ti gbọ́ orúkọ Candomblé, ẹ̀sìn àwọn ọmọ wa ní Bahia ní Bràsíìlì, mọ ibi tó ti yọ. Adeyemi fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí òun sí, pé àwọn òbí òun kò kọ́ òun ní òrìṣà. Lẹ́yìn tó kúrò ní Harvard, ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú Salvador ní Bràsíìlì, ibẹ̀, nínú ṣọ́ọ̀bù kan, ló ti kọ́kọ́ rí àwòrán àwọn òrìṣà. Ọmọ Yorùbá, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n kó lẹ́rú lọ, ló ti gba òrìṣà padà.

Nítorí náà, ohun tí mo dá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lóhùn ni pé Ọya kọ́ ló ni ikú, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí àwọn òkú. Ìyá mẹ́sàn-án ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ti Egúngún sì wọnú ara wọn. Ní Kúbà, ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú ni wọ́n fi í sí. Ìwé náà kò purọ́ mọ́ Ọya, ojú ọ̀nà tó gbé e gbà ló yàtọ̀ sí tiwa. Bí ẹ bá kà á gẹ́gẹ́ bí ìwé ọmọ tó ń wá ilé láti òkèèrè, ó dùn ju kí ẹ kà á gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn àṣà. Bí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní òrìṣà, ẹ wá nǹkan mìíràn.

Èdè ni mi ò lè gbójú fò. Ọfọ̀ inú ìwé náà, Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, pẹ̀lú àmì ohùn lórí rẹ̀, mo sì mọ iye ọmọ Yorùbá ní òkè òkun tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí èdè wọn nínú ìwé ìtàn tí gbogbo kíláàsì wọn ń kà. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo kà wọ́n sókè, wọn kò jọ ọfọ̀ létí mi, àdúrà ṣọ́ọ̀ṣì ni wọ́n jọ: ẹ gbọ́ tèmi, ẹ súre fún mi, ẹ fún mi ní ẹ̀bùn yín. Ọfọ̀ kì í bẹ̀bẹ̀. Ọfọ̀ máa ń pe nǹkan lórúkọ, á sọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá, á wá fa ọ̀rọ̀ ìṣe yọ láti inú orúkọ náà fúnra rẹ̀, á sì wí i, á tún un wí, títí tí kò fi ní ọ̀nà àbáyọ mọ́. Inú ìró ni agbára rẹ̀ wà. Ti Zélie, inú ìtumọ̀ nìkan ló wà, bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ rò ó. Àti àwọn àmì wọ̀nyẹn: Orïsha, Roën, sêntaro. Lọ́dọ̀ wa, àmì orí ọ̀rọ̀ ló ń sọ bóyá ọkọ́ lẹ ní àbí ọkọ̀. Lórí àwọn orúkọ wọ̀nyẹn, yẹtí ni.

Okorafor kò ní ìṣòro yìí, torí kò tọ́wọ́ bọ ọ̀rọ̀ Yorùbá púpọ̀. Nsibidi, ọ̀nà ìkọ̀wé àtijọ́ àwọn ará agbègbè Odò Cross, ló mú wọlé, kò sì fi ṣe ọ̀ṣọ́ lásán. Nínú ìwé kejì, Sunny ní láti kọ́ bí a ṣe ń kà á, kíkà rẹ̀ sì ń gba okun lára rẹ̀ débi pé ebi á máa pa á. Òǹkàwé rí i pé ìwé kíkà jẹ́ iṣẹ́, pé ó lè dá èèyàn lágara. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin kí nǹkan wà nínú ìtàn àti kí ó máa ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Irun funfun, awọ funfun

Adeyemi kọ sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀ pé ìbínú àti ìbànújẹ́ lórí àwọn aláwọ̀ dúdú tí ọlọ́pàá ń yìnbọn pa ní Amẹ́ríkà ló mú òun kọ ọ́. Ó hàn. Ibi tí ìwé náà ti lágbára jù ni ibi tí ẹ̀rù ti ń ba Zélie láti rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ogun, tí kò ṣe nǹkan kan. Kò sí idán níbẹ̀, kò sì nílò rẹ̀. Ọmọ tó ń gbé ní Chicago tàbí Peckham á mọ ibẹ̀ ju èmi tó ń gbé ní Ìbàdàn lọ.

Ohun tó wá bà á jẹ́ ni ìfẹ́ Zélie àti Inan. Ọmọkùnrin yìí kó ogun wọ Ilorin, abúlé jóná, ọmọdé wà nínú àwọn tó kú. Kò pẹ́, wọ́n ti ń fẹnu konu lójú àlá. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́langba fẹ́ràn ọ̀tá tó di olólùfẹ́. Mo kàn ń béèrè pé kí òǹkọ̀wé san gbèsè rẹ̀ kó tó rajà tuntun ni. Ìwé tó ń bínú tó bẹ́ẹ̀ nítorí àwọn tí wọ́n pa lásán, kò yẹ kó tètè gbàgbé àwọn tí òun fúnra rẹ̀ pa.

Irun funfun Zélie jẹ́ àmì. Àfín Sunny jẹ́ ara. Oòrùn ń jó o, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ní kíláàsì, bàbá rẹ̀ kì í fẹ́ wò ó dáadáa. Nígbà tí wọ́n wá sọ fún un pé láàrin ẹ̀yà àmọ̀tẹ́kùn, ohun tí ayé ń pè ní àbùkù èèyàn ni ẹnu ọ̀nà agbára rẹ̀, ó wọ òǹkàwé lára, torí a ti bá a jìyà rẹ̀ ná. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ Orlu, tí lẹ́tà máa ń dojú rú mọ́ lójú nígbà tó bá ń kàwé, òun ló mọ bí a ṣe ń tú oògùn ká. Bí ọmọ kan bá wà nílé yín tí wọ́n ń pè ní olódo nílé-ìwé, ẹ tètè ra ìwé yìí fún un.

Ìwé kejì àti ìkẹta

Níbí, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Children of Virtue and Vengeance jáde ní oṣù Kejìlá ọdún 2019. Ogun ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, Zélie àti Amari sì ń ṣe ìpinnu tí kò bọ́gbọ́n mu ní àṣetúnṣe kí ogun má baà tán. Ìkẹta, Children of Anguish and Anarchy, dé ní 2024, ó kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì kó wa kúrò ní Orïsha lọ bá àwọn ọ̀tá tuntun láti òkèèrè, nígbà tí ohun tí a fẹ́ mọ̀ ṣì wà nílé. Bí ẹ bá ka àkọ́kọ́ tí ẹ dúró, ẹ ò pàdánù púpọ̀.

Òdìkejì ni ti Okorafor. Akata Warrior (2017) dára ju Akata Witch lọ. Wọ́n lọ bá aláǹtakùn ńlá kan tó ń jẹ́ Udide ní Èkó, ṣùgbọ́n ibi tó mú mi jù ni ọ̀rọ̀ Chukwu, ẹ̀gbọ́n Sunny, tí àwọn ẹgbẹ́ òkùnkùn há mọ́ ní yunifásítì. Òbí Nàìjíríà wo ni kò ní ka ibẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lórí? Akata Woman (2022) kò burú.

Ẹnì kan tún wà ní igun

Ẹ ò lè ní kí Yorùbá fi ìtàn abàmì méjì wé ara wọn kó má dárúkọ Fágúnwà. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Àkàrà-ògùn ọmọ àjẹ́, Àgbákò olójú mẹ́rìndínlógún, àwọn akọni tí wọ́n rán lọ sí Òkè Lángbòdó, tí orúkọ kálukú sì ti sọ iṣẹ́ rẹ̀ tán: Olóhùn-iyọ̀, Ìmọ̀dòye, Ẹlẹ́gbẹ̀dẹ-ọdẹ. Òun ni mo fi ń wọn àwọn yòókù ní ti èdè, kò sì sí èyí tó tó o nínú wọn, torí ìró ọ̀rọ̀ gan-an ló ń ṣe idán níbẹ̀.

Síbẹ̀, mi ò ní gbé e fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí n sì máa lọ. Fágúnwà máa ń dá ìtàn dúró wàásù. Ọ̀rọ̀ obìnrin inú rẹ̀ kò sì dára: Kàkó, ọ̀kan nínú àwọn akọni náà, pa obìnrin tó rọ̀ mọ́ ọn pé kó má lọ, ìtàn sì tẹ̀ síwájú bí ẹni pé kò sí nǹkan. Zélie ì bá ti fi ọ̀pá lù ú. Ẹ kà á sókè fún ọmọ ni, kí ẹ sì dúró níbi tó bá yẹ kí ẹ jà. Èmi ń ka ojú ewé méjì-méjì sí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ìyá rẹ̀ náà ń gbọ́ ọ, bó tilẹ̀ ní òun ò gbọ́.

Ó kù sọ́wọ́ yín

Bí ọmọ náà bá ti pé ọdún mẹ́rìnlá, tí kì í kàwé, tí fóònù ti gba gbogbo ojú rẹ̀, Children of Blood and Bone ni kí ẹ rà, ìyẹn nìkan. Ìyà àti ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, wọ́n dá Zélie lóró níbì kan tó le kà, nítorí náà ẹ má fún ọmọ ọdún mẹ́wàá. Àwọn tó ní kí a dúró de fíìmù rẹ̀ tí Gina Prince-Bythewood ń darí, ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ fi ojú inú rẹ̀ ya Zélie.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ oníbéèrè, láti bí ọdún mọ́kànlá sókè, ti Okorafor ni, kí ẹ sì múra láti ra èkejì. Bí ẹ bá ní kí n mú ẹyọ kan ṣoṣo nínú gbogbo wọn fún ara mi, Akata Warrior ni.

Kí ẹ kíyè sí ohun kan kí ẹ tó sanwó. Ọ̀rọ̀ "akata" tí àwọn kan nínú wa fi ń pe aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kò dùn létí, nítorí náà ìwé náà ní orúkọ mìíràn ní Nàìjíríà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. What Sunny Saw in the Flames, tí Cassava Republic tẹ̀, àti Akata Witch, ìwé kan náà ni. Sunny and the Mysteries of Osisi sì ni Akata Warrior. Èmi ò mọ̀ nígbà yẹn, mo ra ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì, inú mi dùn dé ojú ewé kẹta. Èkejì wà lọ́wọ́ ọmọ aládùúgbò wa kan báyìí, ó ti pé oṣù mẹ́jọ, ó ní òun ò tíì kà á tán.